Nọ́ńbà Àkọ́sórí

Ní ilé-iṣẹ́ tí Gbóyèga Èṣùbíyì ti ń ṣiṣẹ́ ní Benin, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ pé orí rẹ̀ kì í ṣe orí lásán. Oògùn ni wọ́n ń pín fún àwọn kẹ́míìsì níbẹ̀. Olú ọ́fíìsì wọn wà lójú ọ̀nà Sapele, wọ́n sì ní ẹ̀ka ní New Benin, nítòsí ọjà Santana, àti ní Ekiadolor. Gbogbo kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà káàkiri ẹ̀ka wọ̀nyí, ọwọ́ Èṣùbíyì ni ìtọ́jú wọn ti wà láti ọdún mọ́kàndínlógún. Bí ọdún bá ti ń parí lọ, yóò mú ìwé dání, yóò wọ kẹ̀kẹ́, yóò máa ti ẹ̀ka kan bọ́ sí òmíràn láti ka ohun ìní ilé-iṣẹ́. Iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ìbá fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe, ọjọ́ mẹ́rin ni tirẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ ní abẹ́, wọ́n kọ ọ́ wínníwínní. Òfin ni pé kí ẹni tó ń kà á da ẹ̀rọ náà dojú bolẹ̀, kó fi ojú ara rẹ̀ rí nọ́ńbà yìí, kó tó fọwọ́ sí ìwé pé òun rí i. Èṣùbíyì ti kọjá bẹ́ẹ̀. Yóò gbé ọwọ́ lé láptọ́ọ̀pù bí ẹni tó fẹ́ súre fún ọmọ, yóò sì ka nọ́ńbà rẹ̀ jáde láti inú orí, lẹ́tà àti òǹkà mọ́kànlá, kò ní ṣi ọ̀kan. Àwọn akọ̀wé a máa pàtẹ́wọ́ fún un. "Bàbá, ẹ̀yin gan-an ni kọ̀ǹpútà!" Òun náà a rẹ́rìn-ín. Ta ni ìyìn ò dùn mọ́?

Ìjọ tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí ní New Benin ló ti jẹ́ alàgbà. Ó ti pẹ́ tí pásítọ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ Èṣùbíyì di Jésùbíyì, bí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe. Ó ní rárá. Ó ní bàbá òun kò jí orúkọ náà, kò sì yá a, pé ẹni tí orúkọ bá ń dẹ́rù bà, kó gba ààwẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú báyẹn. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá ti sọ pé nǹkan rí báyìí, kò sẹ́ni tí í tún bi í lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, àfi Comfort ìyàwó rẹ̀ tó ń ta gààrí àti ẹ̀wà ní Santana, ni pé Èṣùbíyì ò ríran mọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti bẹ̀rẹ̀. Òkùnkùn kọ́kọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ojú, ó ń sún wọlé díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku ihò kékeré kan láàárín, ìyẹn náà sì ti ń ṣú. Dókítà ní èyí tó ti lọ kò ní padà, kó máa kán oògùn sójú kí ìyókù má baà lọ. Ó ń kán an, ìyókù sì ń lọ. Ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì. Ó mọ ohun tí wọ́n ṣe fún dẹ́rẹ́bà ilé-iṣẹ́ tí ojú rẹ̀ bàjẹ́: lẹ́tà kan, ìbọwọ́ kan, ó dilé. Kì í tilẹ̀ ṣe lẹ́tà yẹn ló ń bà á lẹ́rù jù. Ọjọ́ tí wọn yóò máa fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù, òun tó ti ń so ẹ̀rọ gbogbo ìlú pọ̀ láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú.

Nítorí náà ni ó ṣe fi orí bo ojú láṣìírí. Nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dára ló ti mọ nọ́ńbà gbogbo ẹ̀rọ náà, ó sì ń kà wọ́n bó ṣe mọ̀ wọ́n.

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, ó dé Ekiadolor. Láptọ́ọ̀pù mẹ́sàn-án ló yẹ kó wà níbẹ̀, mẹ́sàn-án náà ló sì bá lórí tábìlì. Kò mọ̀ pé ẹnìkan ti kó mẹ́fà lọ nínú wọn, ó sì ti fi àlòkù tó jọ wọ́n rọ́pò. Àwọ̀ kan náà ni, títóbi kan náà. Ọwọ́ rẹ̀ bá ibi tó rí ságisági ní etí ọ̀kan, èyí tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọkàn rẹ̀ ní kó dúró. Kò dúró. Ó ka nọ́ńbà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán láti orí, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó fọwọ́ sí ìwé.

Nínú oṣù Kìíní, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì kó kọ́kọ́rọ́ fún Morọ́láyọ̀. Ọmọ ìjọ Èṣùbíyì ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Èṣùbíyì fúnra rẹ̀ ló mú un wọ ilé-iṣẹ́. Nígbà tó di oṣù Kẹta, àwọn ayẹ̀wéwò dé láti Èkó. Àwọn yìí ò mọ nọ́ńbà kankan lórí, wọ́n ṣáà da ẹ̀rọ dojú bolẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà ò bá ìwé mu.

Olúmidé, máníjà wọn, pe Èṣùbíyì sí ọ́fíìsì. "Bàbá, serial number yìí ṣe pàtàkì gan-an o. Ṣé ẹ fi ojú yín rí àwọn ẹ̀rọ yìí ní December?"

"Mo rí wọn."

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀ lóṣù Kejìlá, tí wọn ò sí níbẹ̀ lóṣù Kẹta, a jẹ́ pé ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ lóṣù Kìíní ló kó wọn. Kò sẹ́ni tó nílò ẹ̀rọ láti ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Morọ́láyọ̀ sun ọjọ́ méjì ní àtìmọ́lé ọlọ́pàá, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dé ìjọ. Morọ́láyọ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì, àwọn ìyá kan sì ní àwọn ò fẹ́ kí olè máa kọ́ ọmọ àwọn. Àwọn alàgbà márùn-ún jókòó lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pè é, wọ́n ní kó lọ sinmi ná. Ọmọ náà ò sunkún. Ó ní, "Bàbá Èṣùbíyì, ẹ mọ̀ mí, sà. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀." Èṣùbíyì húkọ́. Alága ní kí wọ́n gbàdúrà ìparí. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Àgbà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, odindi márùn-ún, orí ọmọ sì wọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni Èṣùbíyì ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀la lòun máa sọ òótọ́. Ọ̀la di ọ̀túnla, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Comfort ń ṣa ẹ̀wà kó tó lọ sọ́jà, ó sì sọ ọ́ láìgbé orí sókè.

"Bàbá Tìmílẹ́hìn, ojú yín ló fọ́. Ẹnu yín ò fọ́."

Èṣùbíyì wọ bàtà rẹ̀, ó lọ bá Olúmidé.

"Mi ò rí àwọn ẹ̀rọ yẹn ní December. Orí ni mo fi kà wọ́n."

Olúmidé mí kanlẹ̀. "Bàbá, abeg. Mo mọ̀ pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yín ni. Ẹ má fi ara yín rọ́pò ẹni ẹlẹ́ni." Ó sún láptọ́ọ̀pù kan sí i. "Ẹ jẹ́ n rí i. Ẹ kà á fún mi."

Tuntun ni, kò sí nínú àkọ́sórí rẹ̀. Èṣùbíyì yí i padà, ó gbé e súnmọ́ imú, ó gbé e jìnnà, ó fi ìka wá nọ́ńbà náà kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Ó pẹ́. Olúmidé dìde, ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fà á lọ́wọ́ jókòó sórí àga. Fífà lọ́wọ́ tó ti ń sá fún láti ọdún mẹ́ta, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n fún un ní lẹ́tà tirẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Olúmidé ní àwọn yóò kọ̀wé sí Morọ́láyọ̀ pé kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n àwọn ti fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ṣáájú rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn ti sọdá òkun tipẹ́.

Èṣùbíyì ní òun ò ní jẹ́ kí lẹ́tà Morọ́láyọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀ ṣáájú òun. Comfort bá a wọ kẹ̀kẹ́ dé àdúgbò ìyá Morọ́láyọ̀, ó ní kí Comfort dúró lójú títì, ó dá lọ síwájú ilé wọn. Ẹnìkan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí òjìji onítọ̀hún, kò rí ojú rẹ̀.

"Ẹ kúulé o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Morọ́láyọ̀ wà nílé?"

Onítọ̀hún ń wò ó. Bóyá ìgbà yẹn ló tó yé e, pé bàbá yìí dúró níwájú òun, ó sì ń béèrè òun lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀.

"Kò sí nílé, sà."

Èṣùbíyì mọ ohùn náà. Láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n. Ó lè pe orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i pé òun ò ní ẹ̀tọ́ sí i. Ó ṣí fìlà. Ó ń bá ọmọ tó tó bí lọ́mọ sọ̀rọ̀, ó sì ń fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún un.

"Tó bá dé, ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò rí àwọn ẹ̀rọ yẹn. Mo ti sọ fún wọn níbi iṣẹ́. Màá sọ fún ìjọ ní Sunday. Ẹ sọ fún un pé mo gbọ́ nígbà tó pè mí níbi ìpàdé yẹn. Etí mi ò di. Ẹ̀rù ara mi ló bà mí."

"Màá sọ fún un, sà."

Ó yí padà. Gọ́tà wà níwájú ilé, wọ́n tẹ́ pákó lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wá pákó náà, kò bá a. Ọwọ́ kan di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú, ó darí rẹ̀ sórí pákó, ó sin ín dé òdì kejì, ó fi í sílẹ̀. Kí ó tó rí ẹnu dúpẹ́, ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn tì.

Comfort gbà á lọ́wọ́ lójú títì. Ó ní ṣé ó bá ọmọ náà nílé.

Èṣùbíyì dé fìlà rẹ̀. Ó ní rárá, kò sí nílé.