Irọ́ Tí Mo Pa Kí Wọ́n Tó Gbin Irun Sí Mi Lórí

Ìbéèrè kan wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi ní kíníìkì náà: ṣé ẹnikẹ́ni wà nínú ìdílé yín tí àpá ọgbẹ́ rẹ̀ máa ń wú? Mo kọ "rárá" síbẹ̀. Mi ò ronú sí i. Ọwọ́ mi sáré kọ ọ́ bí ọwọ́ ṣe ń sáré kúrò lórí iná.

Mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé irọ́ pípa ti mọ́ mi lára. Nígbà tí ìyá mi wà ní ọmọge, ó lu ihò kejì sí etí rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ọgbẹ́ náà jinná, àpá rẹ̀ sì ń wú títí ó fi tóbi tó orí àtàǹpàkò. Wọ́n gé e nílé ìwòsàn, ó tún hù, ó sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò tíì rí ìyá mi níta ní Ẹ̀pẹ́ kí síkáàfù má bo etí rẹ̀. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ fẹ́ lọ sílé ọkọ, àwọn ará ilé ọkọ wá ṣèwádìí ìdílé, wọ́n gbọ́ nípa etí náà, wọn ò padà wá mọ́. Láti ìgbà náà ló ti di òfin nílé wa pé bí wọ́n bá bi wá bóyá nǹkan kan wà nínú ìdílé, ká ní kò sí. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lu etí mi nígbà tí wọ́n bí mi, tí àwọn ọmọ kíláàsì mi fi ń bi mí bóyá ọkùnrin ni mí.

Irun iwájú orí mi ló gbé mi dé kíníìkì. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń di irun tó le koko, nígbà tí mo dé yunifásítì, mo ń fi gọ́ọ̀mù lẹ wíìgì mọ́ iwájú orí. Nígbà tí mo fi parí ìsìnrú ìlú, iwájú orí mi ti pá láti etí kan dé èkejì. Kì í ṣe ẹwà nìkan ló ń dùn mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ̀rù pé afẹ́fẹ́ máa ṣí nǹkan tí mo dé kúrò lórí mi níwájú èèyàn, ẹ̀rù yẹn sì ti rẹ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń gbé ní ẹ́síteètì kan ní Ìkòròdú tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ló ní òun máa bá mi san owó irun gbígbìn.

Ìyàwó rẹ̀ ló sìn mí lọ. Kì í pe orúkọ mi, nítorí wọ́n ti bí mi kí ó tó wọ ilé wa. Adúmáadán ló ń pè mí. Kíníìkì náà wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí ibùdókọ̀ Agric ní Ìkòròdú. Bí a ṣe jókòó, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n.

"Adúmáadán," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n di ẹsẹ̀ yín mú, kó má baà sá lọ sílé láìmú yín dání."

Nọ́ọ̀sì kan jáde sí wa. "Àǹtí, ẹ bọ́ yẹtí yín."

"Mi ò ní, mà."

Ó tẹ̀ síwájú, ó wo etí mi. "Wọn ò lu etí yín?"

"Ìjọ wa ni, mà. Wọn ò fẹ́ yẹtí."

"Irú ìjọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn," nọ́ọ̀sì náà ní. "Aago ọwọ́ ló kù tí wọn ò tíì kà léèwọ̀." Ó wọlé lọ.

Ìjọ kan náà ni èmi àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń lọ, yẹtí rẹ̀ sì fẹ́ẹ̀ẹ́ kan èjìká lọ́jọ́ náà. Ó wò mí títí. "Ìjọ wo?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

Kò mọ nǹkan kan nípa etí ìyá mi. Ìyàwó ilé ni, a ò sì sọ fún un.

Mo ti ka gbogbo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù, ṣùgbọ́n kíkà kì í pa ẹ̀rù. Wọ́n ya fọ́tò orí mi, dókítà fi bírò fa ìlà síbi tí irun tuntun máa dúró sí. Wọ́n fi kílípà fá ẹ̀yìn orí mi, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mú irun tí wọ́n fẹ́ gbìn síwájú. Dókítà náà, bàbá kan tó ti ń hewú, sọ fún mi pé èèyàn kì í sùn nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, pé irun wa máa ń ká lábẹ́ awọ, ìdí nìyẹn tí òun fi máa rọra ṣe é, àti pé ihò bí ẹgbẹ̀rún kan ni òun máa lu.

Ẹgbẹ̀rún kan. Ìyá mi lu méjì.

Wọ́n dojú mi dé orí bẹ́ẹ̀dì tó ní ihò tí ojú ń wọ̀, tó fi jẹ́ pé táìsì ilẹ̀ àti bàtà nọ́ọ̀sì nìkan ni mò ń rí. Abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ara kú ló dùn mí jù, ó ta mí lórí bí ìgbà tí agbọ́n bá ń ta èèyàn léraléra. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn orí mi di bí orí ẹlòmíì. Mo gbọ́ ẹ̀rọ kékeré náà tó ń kùn, ìró rẹ̀ ń dún nínú egungun orí mi, nọ́ọ̀sì sì ń kà: "Ọ̀kan." Wọ́n fi gbòǹgbò irun tí wọ́n yọ sínú omi iyọ̀ tútù. "Méjì."

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ bí ẹ̀rù náà ṣe rí. Ẹ̀rù méjì ni, wọ́n sì ń fà mí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí mo bá sọ̀rọ̀, dókítà lè ní òun ò ṣe mọ́, màá sì padà sílé pẹ̀lú orí tó pá níwájú tí wọ́n tún fá lẹ́yìn. Bí mo bá dákẹ́, gbogbo ihò yẹn lè wú bíi ti etí ìyá mi, kò sì sí síkáàfù tó máa bò ó tán. Mo gbàdúrà pé kí nọ́ọ̀sì gbàgbé iye tó kà kí wọ́n lè dúró díẹ̀. "Mẹ́wàá." Kò gbàgbé. "Mọ́kànlá."

"Ẹ dúró, sà. Ìyá mi ní in."

Ẹ̀rọ náà dákẹ́. "Kí ni ìyá ẹ ní?"

"Àpá tó ń wú, sà. Ní etí. Wọ́n gé e, ó tún hù."

Bàtà nọ́ọ̀sì ò kúrò níbi tó wà. "Ìjọ yín ńkọ́?" ó béèrè.

"Kì í ṣe ìjọ, mà."

Mo ń retí kí dókítà bú mi. Ó mí kanlẹ̀. "Ìwọ nìkan kọ́," ó ní. "Gbogbo ìdílé tó ń wá síbí, lórí fọ́ọ̀mù, wọn ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn ò ní ìtọ̀ ṣúgà. Bàbá wọn kàn kú ni." Ó ní mọ́kànlá tí òun ti yọ ni òun máa gbìn síwájú, òun ò ní lu ihò kan mọ́ lẹ́yìn orí. A máa dúró oṣù mẹ́ta ká wo ohun tí ara mi máa ṣe, kí n sì máa fi fọ́tò ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.

"Bí wọ́n bá wú ńkọ́, sà?"

"A jẹ́ pé mọ́kànlá ni. Kì í ṣe ẹgbẹ̀rún."

Nígbà tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi níta, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Irun mọ́kànlá. Ẹ jẹ́ ká kúkú sọ wọ́n lórúkọ." Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀. Oyún oṣù márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé e. "Bí mo bá bí obìnrin ńkọ́, Adúmáadán? Ẹ bá máa wò mí kí n lu etí rẹ̀?"

Ojú tì mí ju bó ṣe tì mí níwájú dókítà lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni mo lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìyá mi, tó jẹ́ tíṣà, ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lórí tábìlì. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"O sọ fún wọn," ó ní.

"Mo sọ, mà."

"Ìyàwó náà ti gbọ́?"

"Wọ́n ti gbọ́, mà."

Ó pa ìwé náà dé. Ó ní kí n ṣí orí, kí n kọjú sí fèrèsé, ó sì ń fi ìka tẹ ẹ̀yìn orí mi, ihò kan lẹ́yìn èkejì. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ó ní.

Èsì rẹ̀ yá jù. Bí ọwọ́ mi ṣe yá lórí fọ́ọ̀mù náà gẹ́lẹ́ ni. Mo nawọ́ fóònù mi sí i. "Ẹ bá mi yà á, mà. Dókítà ń retí rẹ̀."

Fọ́tò àkọ́kọ́ ò hàn dáadáa. Ó ya òmíràn. Mo fà á kó tóbi. Mẹ́sàn-án nínú àpá náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Méjì yọ sókè díẹ̀, wọ́n ń dán.

"Mo rí wọn," ìyá mi ní. Kò wo ojú mi. "Ìgbà tí o ṣí orí ni mo ti rí wọn. Fi ránṣẹ́ sí i."

Mo fi í ránṣẹ́. A jókòó ti fóònù náà lórí tábìlì, ìyá mi ò sì padà sídìí ìwé rẹ̀.

"Ṣé ó ti dáhùn?"

"Rárá, mà."

"Wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i."