Ọjà Ọlọ́rọọrún Tí Kọ̀ǹpútà Mi Ń Sún Síwájú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìtìjú ṣe ń rí, kó lọ jókòó sáàárín àwọn ọmọ ọdún kìíní yunifásítì nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti wà ní ọdún tó kẹ́yìn. Mo ti lé ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, wọ́n fún mi láyè níbi iṣẹ́ kí n lọ gba dìgírì, àyè náà sì ti fẹ́ tán. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló kù tó há mi lọ́rùn: ìbẹ̀rẹ̀ kíkọ kóòdù fún kọ̀ǹpútà. Mo ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá tún fìdí rẹmi, orúkọ mi ò ní sí lára àwọn tó ń jáde, ọwọ́ òfo ni n óò sì gbé padà síwájú ọ̀gá mi.

Ti àkọ́kọ́ yẹn, kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ó dáa, ẹ̀bi mi ni. Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ́ wa, orúkọ òjòlá ni wọ́n sọ ọ́. Ó yẹ kí n ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé á gbé mi mì. Bírò la fi kọ kóòdù sórí ìwé lọ́jọ́ ìdánwò. Lópin àwọn ìlà kan, ó yẹ kéèyàn fi tótó méjì sí i, kí ọ̀kan gun orí èkejì. Àmọ́ olùkọ́ ni mí. Gbólóhùn tó bá ti parí lọ́wọ́ mi, àmì ìdánudúró ló tọ́ sí i. Mo dá gbogbo wọn dúró pátá, àwọn náà sì dá mi dúró.

Lẹ́ẹ̀kejì, olùkọ́ tuntun ló wá kọ́ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí àbíkẹ́yìn ìyá mi ṣe ẹ̀gbọ́n fún. Ó ní kí oníkálukú kọ kóòdù tó máa yanjú ìṣòro kan nílé rẹ̀, kó wá ṣàlàyé rẹ̀ níwájú kíláàsì.

Ó ní, "Tó bá ṣiṣẹ́, ẹ ti yege. Tí ò bá ṣiṣẹ́..." Ó wo apá ọ̀dọ̀ mi. "Ẹ má bínú, mà."

Ẹ̀rù "ẹ má bínú" yẹn bà mí ju èébú lọ.

Ọjà ìyá mi ni mo mú. Irú ni wọ́n ń tà, ní abúlé kan lẹ́yìn Moniya, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n sì ń ná ọjà náà. Ìgbàkigbà tí mo bá gbéra láti Agbowó, níbi tí mo ń gbé, lọ kí wọn lọ́jà, ewúrẹ́ ni mo máa ń bá lábẹ́ àtíbàbà. Mo wá ní kí kọ̀ǹpútà máa sọ ọjọ́ ọjà fún mi. Mo fi ọjà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ṣe ìbẹ̀rẹ̀, mo ní kó fi márùn-ún kún un, kó tún fi márùn-ún kún un, kó máa bá a lọ. Kọ̀ǹpútà dáhùn wéré, kò kọ ọ̀rọ̀ àṣìṣe pupa kankan sí mi. Mo jó nínú yàrá mi débi pé ará ilé kejì kan ilẹ̀kùn.

"Ìyá tíṣà, ṣé físà ti jáde ni?"

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n lọ dúró níwájú kíláàsì, mo tẹ ìyá mi láago, ká sòótọ́, kí n lè fi ṣe fọ́rífọ́rí.

"Màámi, ọjà yín tó ń bọ̀, ọ̀túnla ni, àbí?"

"Ọ̀túnla bá ta ni? Òní ni! Ìdí ìsọ̀ ni mo wà yìí. Ṣé o ò gbọ́ ariwo ni?"

"Kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀ o."

"Ó dáa. Sọ fún un kó wá pàtẹ irú tiẹ̀ lọ́túnla."

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo fi tú kóòdù náà láti òkè délẹ̀, ìlà kan ò ṣẹ̀ mí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo wọkọ̀ lọ bá ìyá mi. Wọ́n ń ṣa òkúta lára irú.

"Màámi, ẹ bá mi kà á. Láti ọjà àná dé èyí tó ń bọ̀."

Wọ́n na àtàǹpàkò. "Ọjọ́ ọjà nìyí, ọ̀kan. Òní, méjì. Ọ̀la, mẹ́ta. Ọ̀túnla, mẹ́rin. Ọjọ́ kejì ọ̀túnla, márùn-ún. Ọjà dé."

"Háà! Ẹ ka ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn!"

"Kí n wá ṣe é báwo? Mo jí, mo wẹ̀, mo ru igbá, mo tajà dalẹ́, o wá ní kí n má ka ọjọ́ náà. Irú ìwé wo lò ń kà gan-an?"

Mo jókòó ti igbá irú, ẹ̀rín ń pa mí, ojú ń tì mí. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ láti kékeré nìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í ka ọjọ́ tó bá dúró lé. Ọ̀la ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan ló fi ṣìnà lọ́jà àkọ́kọ́, ó di méjì lọ́jà kejì. Nígbà tí mo délé, mo pa márùn-ún rẹ́, mo fi mẹ́rin sí i.

Lọ́jọ́ tí mo lọ ṣàlàyé, olùkọ́ wa ka kóòdù náà, ó nàka sí ìlà kan.

"Mà, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún lẹ ní wọ́n ń ná ọjà yìí. Mẹ́rin lẹ wá ń fi kún un. Àṣìṣe kọ́ nìyí?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Lọ́kàn mi, mo rí ara mi níwájú ọ̀gá mi pẹ̀lú ọwọ́ òfo.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí Màmá yín bá ní kí ẹ wá ní òní ijọ́ mẹ́jọ, tí òní sì jẹ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ wo lẹ máa lọ?"

"Mọ́ńdè tó ń bọ̀."

"Ọjọ́ mélòó lẹ fi kún òní kó tó débẹ̀?"

"Mé..." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka lábẹ́ tábìlì. "Méje." Ó dìde dúró. "Ẹ pe Màmá náà. Ká gbọ́ tẹnu wọn."

Mo ṣí fóònù sókè kí gbogbo kíláàsì lè gbọ́. Kọ̀ǹpútà ti kọ ọ́ síta pé ọ̀la ni.

"Màámi, ọjà yín dà?"

"Ọ̀la ni. Ta ló fẹ́ ra irú?"

Kíláàsì hó. Àwọn ọmọ tí mo lè bí ń pariwo "Mọ́mì! Mọ́mì!" bí ẹni pé mo gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Olùkọ́ wa kọ máàkì mi, ó yí ìwé náà sí mi kí n fojú ara mi rí i. Mo ti yege. Mo ní "Àlùhámúdùlíláì," mo sì palẹ̀ kọ̀ǹpútà mi mọ́.

Mi ò dúró gba ìkíni ẹnikẹ́ni. Mo fẹsẹ̀ rìn gba ẹnu géètì sọdá sí Agbowó, mo wọlé, mo dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lẹ èsì àkọ́kọ́ mọ́ ògiri, mi ò tíì sun irú oorun bẹ́ẹ̀ rí.