Ìdájọ́ Baba Aláago Lórí Àwo Inú Àpótí

Ọkùnrin márùn-ún ló máa ń pé jọ sí yàrá iwájú ilé wa ní gbogbo ọ̀sán Sátidé láti jiyàn lórí orin, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó mọ gìtá í ta. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹ lè mọ irú èèyàn tí mò ń sọ̀rọ̀ wọn. Ọkọ mi ni alága. Baba Aláago ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí aago ló ti ń tún ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Tíṣà ni igbákejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹni tó fi ìṣirò fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún márùndínlógójì kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn mẹ́ta tó kù ni onígbàjámọ̀ ìkángun òpópónà wa, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì kan, àti ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà káàkiri àdúgbò, tí a ń pè ní Onílẹ́tà. Èmi, aránṣọ ni mí. Maṣíìnì mi wà nínú yàrá kejì, ilẹ̀kùn kan ló wà láàárín èmi àti wọn, kì í sì í tì.

Olórin tó kó wọn jọ ti kú láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Onígìtá ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé òun nìkan ni Ọlọ́run dá gìtá fún. Ọkùnrin náà kọrin nípa ọ̀nà jíjìn, òjò, àti àwọn obìnrin tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó ṣe àwo mẹ́rìnlá, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi kò bá òkú jà. Àwọn alààyè ló ń bí mi nínú. Dírẹ́bà mọ ọjọ́ tí wọ́n gba àwo kẹrin sílẹ̀, ó mọ ẹni tó lu ìlù níbẹ̀, ó mọ àwọ̀ ẹ̀wù tí Onígìtá wọ̀ nínú fọ́tò ẹ̀yìn páálí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè ọjọ́ ìbí ìyàwó rẹ̀, á ní òun ń bọ̀. Sátidé mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jiyàn lórí ohun kan tó dún kẹ́ láàárín orin kejì àti ìkẹta nínú àwo yẹn, bóyá àga ló dún ni àbí orúnkún olórin. Àwọn baba ọlọ́mọ ni o.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí Onígìtá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣí àpótí rẹ̀. Téèpù ló kún inú rẹ̀ dé ẹnu: orin tó kọ tí kò gbé jáde, èyí tó kọ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó mú ọ̀kan, èyí tó ń húkọ́ láàárín rẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń tẹ díẹ̀ jáde, àwọn ọkùnrin wọ̀nyí sì ń pè é ní àwo àpótí. Bí ọ̀kan bá ti dé, wọ́n á gbé e sórí gíramafóònù, wọ́n á di ojú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí yóò fi parí. Òfin wọn nìyẹn. Lẹ́yìn náà, alága ni yóò kọ́kọ́ la ẹnu.

Àwo àpótí kejì ló dá ìjà sílẹ̀. Àwo kẹfà Onígìtá, èyí tí gbogbo ayé mọ̀, ìlù àti fèrè ló kún inú rẹ̀. Àṣé ó ti kọ́kọ́ dá gbogbo orin inú rẹ̀ kọ, òun àti gìtá rẹ̀ nìkan nínú yàrá kan, kí wọ́n tó wá da ìlù bò ó. Ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀ jáde nìyẹn. Nígbà tó parí lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn yíjú sí ọkọ mi. Tíṣà ń nu omi ojú. Ọkọ mi wo àwo náà títí, ó ní, "Ìranù." Ọ̀rọ̀ kan péré. Onílẹ́tà fa ìwé kékeré kan yọ lápò, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ẹ̀sìn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí oṣù kan tó pé, onígbàjámọ̀, dírẹ́bà àti Onílẹ́tà ti di ọmọ ẹ̀yìn ọkọ mi pátápátá. Wọ́n ní ohun tí olórin kò bá gbé jáde fúnra rẹ̀, kò fẹ́ ká gbọ́ ọ ni. Wọ́n ní ẹni tó bá ń tú àpótí òkú, olè ni. Tíṣà nìkan ló dá dúró lódìkejì, ó fi àáké kọ́rí pé àwo àpótí yẹn gan-an ni orin, pé aṣọ tí wọ́n dà bo arẹwà lójú ni èyí tó ní ìlù. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ yìí. Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, líle ló ń le sí i.

Ohun tí ẹnì kankan nínú wọn kò mọ̀ ni pé ọkọ mi kò gbọ́ nǹkan kan nínú àwo náà rí. Etí rẹ̀ ti di.

Èmi náà kò tètè mọ̀, ojú sì ń tì mí láti sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Fún ogún ọdún, bí mo bá tẹ maṣíìnì nígbà tí orin ń lọ, á pariwo pé kí n dáwọ́ dúró, pé aṣọ kò ní sá lọ. Nígbà tó yá, kò pariwo mọ́. Mo rò pé ó ti wá ń bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ mi ni. Mo tiẹ̀ fọ́nnu fún àbúrò mi obìnrin pé ọkọ mi ti gbọ́n. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, obìnrin kan gbé aago ara ògiri padà wá, ó ní kì í lù. Ọkọ mi ní ó ń lù. Ó yí ọwọ́ aago náà dé orí wákàtí, ó gbé ìka méjì lé ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Ẹ ò gbọ́ ọ ni?" Irin inú rẹ̀ ń gbọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kan agogo. Obìnrin náà wò mí, mo wò ó. Nígbà tó lọ tán, mo dúró sẹ́yìn ọkọ mi, mo pè é lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò wẹ̀yìn.

A lọ rí dókítà. Ó ní iṣan inú etí ló ti kú, pé kò sí ẹ̀rọ kankan tí wọ́n lè kì bọ̀ ọ́ tó máa jí i. Nígbà tí a délé, ọkọ mi di ọwọ́ mi mú.

"Má sọ fún wọn," ó ní. "Bí wọ́n bá mọ̀, àánú mi á máa ṣe wọ́n. Wọ́n á máa wá pariwo sí mi létí pé òjò ń bọ̀. Kò ní sí ẹni tó máa bá mi jiyàn lórí àwo kankan mọ́ láyé mi."

Omi lé sí i lójú. Èmi tí mo ti ń bú àwọn àwo wọ̀nyẹn láti ọjọ́ tó ti gbé mi níyàwó, mo ṣèlérí pé n kò ní sọ.

Ó rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ń wo ẹnu wọn, èyí tí kò bá sì rí, ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni kálukú wọn ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́. Adití lè ṣe alága irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ títí ayé. Àwọn tí etí wọn kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀, ta ni nínú wọn tó ń gbọ́ tẹnì kejì rẹ̀?

Àfi Sátidé kan tí ọ̀rọ̀ náà sú Tíṣà. Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀ gbàgà.

"Baba Aláago, mi ò gbà pé o fetí sí àwo yìí rí. O kàn ń bú u ni. Orin tó kẹ́yìn, kò sí ìlù nínú ti àtijọ́, kò sí nínú ti àpótí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá gbé e sí i lẹ́ẹ̀mejì, wàá kọjú sí ògiri, wàá sì sọ èyí tí mo gbé sí i. Bí o bá mọ̀ ọ́n, mo gbà fún ọ. Bí o ò bá mọ̀ ọ́n, dìde lórí àga alága."

"Kí ló dé tí mi ò ní mọ̀ ọ́n?" ni ọkọ mi dáhùn. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nídìí maṣíìnì tí mo wà, abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́.

Pákó ni ilẹ̀ ilé wa, láti yàrá mi dé yàrá wọn, ọkọ mi sì máa ń bọ́ bàtà kó tó jókòó. Àdéhùn wa ni pé bó bá jẹ́ àwo àtijọ́, màá fi gìgísẹ̀ tẹ pákó lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ ti àpótí, ẹ̀ẹ̀mejì. Ó bi mí bóyá mo lè mọ ìyàtọ̀. Díẹ̀ ló kù kí n ju sísọ́ọ̀sì lù ú. Ta ló ti ń jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn láti ọgbọ̀n ọdún? Tíṣà kì í sì í jẹ́ kí Sátidé méjì kọjá kó tó tún gbé ti àpótí sí i láti fi yọ wọ́n lẹ́nu.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Tíṣà gbé àwo méjì dé, ó fi ìwé ìròyìn wé wọn bí ẹni pé ẹyin ni. Ó yí àga ọkọ mi kọjú sí ògiri. Àwọn yòókù di ojú. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́, Onígìtá sì bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Nínú ti àtijọ́, ó máa ń sáré parí ìlà kejì bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Nínú ti àpótí, á dúró níbẹ̀, á mí, a ó sì gbọ́ ọ tó mí. Ó dúró, ó mí. Mo tẹ pákó lẹ́ẹ̀mejì.

Tíṣà gbé abẹ́rẹ́ gíramafóònù sókè. Mo gbọ́ tí ìwé ìròyìn ń dún. Ó tún gbé e sí i. Ìlà kìíní kọjá, ó kan ìkejì, ó dúró, ó mí. Tíṣà kò pààrọ̀ àwo, ìwé ìròyìn lásán ló ń rún mọ́wọ́. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tó fi ń mú àwọn ọmọ ilé ìwé ló fẹ́ fi mú àgbàlagbà. A kò ṣe àdéhùn lórí irú èyí. Bí mo bá tẹ ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀kan sí i, ọkọ mi lè rò pé mo ti ṣì í. Síbẹ̀ mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tẹ̀ ẹ́ gidi.

Ọkọ mi yí àga rẹ̀ padà sí wọn. Ó ní, "Tíṣà, ó yẹ kójú tì ọ́. Àwo kan náà lo gbé sí i. Ti àpótí ni méjèèjì."

Ariwo sọ. Dírẹ́bà ní òun náà ti mọ̀ ọ́n, irọ́ ló sì ń pa, torí mo gbọ́ tó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí onígbàjámọ̀ létí pé ti àtijọ́ ni èkejì. Tíṣà bọ ọkọ mi lọ́wọ́, ó ní, "Mo gbà fún ọ." Ojú ọkọ mi ń dán. Inú mi dùn, n kò ní purọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó wá jókòó síwájú maṣíìnì mi níbi tó ti lè rí ẹnu mi. Mo rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni.

"Báwo ló ṣe rí?" ó bi mí. "Àwo àpótí yẹn. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti ń bú ohun tí mi ò gbọ́. Èwo ló dára jù?"

Mo lè purọ́ fún un, ohun tí kò lè wádìí ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe tẹjú mọ́ ẹnu mi kò jẹ́ kí n lè ṣe é.

"Ti àpótí ni," mo ní. "Ó dára jù ú lọ fíìfíì. Nínú ti àtijọ́, èrò ló ń kọ ọ́ fún. Nínú èyí, ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá sọ̀rọ̀."

Ó mi orí. "Mo ti ń fura. Tíṣà kì í sunkún lásán." Ó ní lọ́jọ́ Sátidé, òun á sọ fún wọn pé òun ṣàṣìṣe. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi sílẹ̀, pé wọ́n ti gbà fún un. Ó kọ̀. Ó ní òun kò lè máa ba iṣẹ́ Onígìtá jẹ́ nítorí etí tòun.

Ó dìde lọ́jọ́ Sátidé, ó sọ ọ́. Mo rò pé wọ́n á tẹ̀ lé e, àgùntàn tí wọ́n jẹ́. Rárá o. Onílẹ́tà fa ìwé rẹ̀ yọ, ó ṣí i síbi tí "Ìranù" wà pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́." Dírẹ́bà ní òun àti àna òun kò kí ara àwọn mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ṣé kí òun wá lọ bẹ̀ ẹ́ ni? Tíṣà ló wá yà mí lẹ́nu jù. Ó ní lẹ́yìn tí ọkọ mi borí òun, òun padà sílé lọ gbọ́ àwo àtijọ́ dáadáa, òun sì ti rí i pé ọkọ mi ló tọ̀nà látilẹ̀wá. Ṣé ó wá fẹ́ fi òun ṣẹ̀sín ni? Nígbà náà ni Onílẹ́tà tẹ orí sí onígbàjámọ̀, kò sì mọ̀ pé ọkọ mi ń wo ẹnu òun.

"Etí bàbá yìí ti bàjẹ́," ó ní.

Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó mà ṣe o, etí tó mú ṣáṣá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kí mi, wọ́n lọ. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni wọ́n ti ń ṣèpàdé báyìí, Tíṣà sì ni alága. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbèjà ẹ̀kọ́ ọkọ mi lọ́wọ́ ọkọ mi.

Ó jókòó síbẹ̀ láàárín àga mẹ́rin tó ṣófo, ó gbé ọwọ́ lé orí gíramafóònù. Inú bí mi débi pé n kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Mo bo maṣíìnì, mo wọ yàrá wọn, mo sì jókòó sórí àga Tíṣà.

"Àwo keje tí ẹ máa ń gbé gẹ̀gẹ̀ yẹn," mo ní, "mi ò rí nǹkan gidi kan nínú rẹ̀."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ìwò ẹ̀gàn tó máa ń wo Tíṣà gẹ́lẹ́.

"Ìwọ?" ó ní. "Kí lo mọ̀ nípa àwo keje?"

Mo fa àga sún mọ́ ọn kó lè rí ẹnu mi dáadáa, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orin àkọ́kọ́.