Ẹ̀kọ Inú Fúláàsì

Ó ti sú mi láti máa bá àwọn ará ilé aláìsàn jà lórí oúnjẹ. Nọ́ọ̀sì ni mí, ní ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Bí mo bá ní kí wọ́n má fún ẹnì kan ní nǹkan kan, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, wọ́n á sì dúró de ìgbà tí mo bá kọ̀yìn. Lójú tiwọn, ẹni tó ń jẹun kì í kú. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, wọ́n á tún pa á lówe fún mi. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fi bó, jàre.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, wẹ́dà kan láti Ìkòtún ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Àrùn ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọ́síjìn tí a fi sí i nímú kò tó o mọ́, èjìká ló fi ń mí. Mo mọ̀ pé bó pẹ́ bó yá, a máa ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ẹ̀rọ lè máa bá a mí. Mo ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀, ìyá àgbà kan tó wọ sùtánà funfun, tí kò wọ bàtà, pé inú ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo. Mo ní bí oúnjẹ bá wà nínú ẹni tí a fún lábẹ́rẹ́ oorun, ó lè gun òkè, kó sì gba ọ̀nà èémí lọ. Ó ní ó yé òun. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá ẹ̀kọ mímu wà lára oúnjẹ. Mo ní omi gan-an ò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu.

Kò pẹ́ tí mo lọ wo aláìsàn mìíràn ni èémí wẹ́dà yìí bẹ̀rẹ̀ sí í já. Dókítà sáré dé, ó fún un lábẹ́rẹ́, ó la ẹnu rẹ̀. Kó tó ti rọ́bà wọlé ni ẹ̀kọ rú jáde, funfun báláú, ó kún ọ̀fun débi pé a ò rí ọ̀nà mọ́. À ń fi ẹ̀rọ fà á, òmíràn ń tẹ̀lé e. Dókítà ń bi mí pé ta ló fún un lóúnjẹ. Kí rọ́bà tó wọlé, èyí tó máa lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró ti lọ. Ọkàn rẹ̀ dúró. A tẹ̀ ẹ́ láyà títí apá mi fi kú. Kò jí.

Mo rí fúláàsì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Inú bí mi gan-an. Mo gbé e lọ bá ìyá náà lórí bẹ́ǹṣì ìta, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ti tò sí mi lẹ́nu. Dókítà ti sọ fún un pé ọmọ ti lọ. Kò tíì sunkún, fúláàsì ọwọ́ mi ló ń wò.

"Ó mu ún dáadáa," ló wí. "Ó tún ní kí n bù sí i. Láti ìjẹta ni nǹkan ò ti kàn án lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ò bá ebi lọ, àbí?"

Ó ti rẹ̀ mí.

"Rárá, mà," mo ní. "Kò bá ebi lọ."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi náà. Mo padà wọlé lọ fọ fúláàsì náà, torí ẹ̀kọ ṣì kù nídìí rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó gbé e délé bẹ́ẹ̀.