Orúkọ Tí Mo Kọ Sára Pátákó

Mo ṣì ń rántí ọdún tí mo gbà pé kò sí ẹni tó mọ ìtàn Ọ̀tà tó mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ni, mo ń ṣe tísà ní Ṣàngó, ní ilé ìwé aládàáni kan tí èéfín ilé iṣẹ́ irin máa ń gba ojú fèrèsé wọlé bá wa. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ló wá bá mi pé àwọn fẹ́ sọ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ kan láàárín ìlú di ilé ìtàn, pé fún ọdún kan gbáko, àwọn á máa pe ará ìlú jọ síbẹ̀ lóṣooṣù láti gbọ́ ìtàn. Ẹbí tó ni ilé náà ti fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí n wá máa darí ètò náà. N kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán kí n tó gbà. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, ṣùgbọ́n èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí, kí ni mo fẹ́ fi àkísà ṣe?

Ìyá àgbàlagbà kan ló ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ nínú ilé náà. Ọmọ ẹbí ni wọ́n. Baba tó kọ́ ilé náà ló bí baba wọn. Ìyá ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀, àwọn náà ló ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Èmi a máa sọ fáwọn èèyàn pé mo ṣe ìwádìí. Irọ́ ni. Ẹnu ìyá yìí ni gbogbo ìwádìí mi ti wá. Ohun tí wọ́n bá sọ fún mi láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí àwa méjèèjì bá jọ ń ṣa ẹ̀wà lójúde, òun ni mo máa ń fi òyìnbó dárà sí tó bá di Sátidé ìpàdé oṣù, tí èrò á sì máa pàtẹ́wọ́ fún mi. Oṣù kan, a sọ ti àwọn aláró. Oṣù mìíràn, a sọ ti rélùwéè. A sọ ti àwọn ọdẹ. Ìyá a jókòó sẹ́yìn lórí àpótí wọn, wọ́n a máa mi orí bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Nígbà tí ọdún náà ń lọ sópin, wọ́n sọ ti ìyá tó bí baba wọn fún mi. Ọmọ kékeré ni nígbà tí ogun kó o, níbì kan tí òun fúnra rẹ̀ kò rántí orúkọ ibẹ̀ mọ́. Ilà ojú rẹ̀ kò jọ ti Ọ̀tà. Baba tó kọ́ ilé ló mú un wálé, nígbà tó sì dàgbà, ó bímọ fún un. Ìyá kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́rú. Ohun tí wọ́n sọ kò ju pé, "Wọ́n rí i rà, wọ́n mú un wálé, ó sì di ará ilé." Mo fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Mo wá bi wọ́n bóyá kí n kọ orúkọ ìyá náà sára pátákó ńlá tí a fẹ́ gbé kọ́ ní ìparí ètò. Inú wọn dùn débi pé wọ́n dìde dúró.

"Kọ ọ́, ọmọ mi. Kọ ọ́ gàdàgbà. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ẹ̀ mọ́ nínú ilé yìí."

Ìyá kò mọ̀wé kà. Mo kọ orúkọ náà, mo sì fi kún un pé ẹrú tí wọ́n fowó rà ni, tó bímọ fún olówó rẹ̀. Mo rò pé mo ń bọlá fún un ni. Wọ́n ti kọ́ wa ní yunifásítì pé ká máa wá ẹni tí ìtàn gbàgbé jáde. Wọ́n sì ti kọ́ mi nílé pé gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ, ṣùgbọ́n n kò ka ìyẹn kún ẹ̀kọ́.

Lọ́jọ́ ìparí ètò, èrò kún àgbàlá. Mo ka pátákó náà sókè láti òkè délẹ̀. Nígbà tí mo dé orí orúkọ yẹn, àwọn àgbà ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. Ìyá ń wo ilẹ̀. Mo rò pé omijé ayọ̀ ni mo rí lójú wọn; bí mo ṣe gọ̀ tó nìyẹn. Olórí ẹbí gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé àgbà ni, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò lè pè é ní "wọ́n" mọ́. Ó ní, "Ìbí ò ju ìbí, bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ. Tísà, o ṣeun." A pàtẹ́wọ́ fún un.

Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ilé iṣẹ́ kan wá ra ilẹ̀ ẹbí wọn tó wà lọ́nà Ìgbẹsà. Ìdí-igi ni wọ́n fẹ́ fi pín in: ìyàwó kọ̀ọ̀kan tí baba ńlá wọn fẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ á gba ìpín kan. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti ń ka ìyá tí mo kọ orúkọ rẹ̀ yìí mọ́ àwọn ìyàwó náà. Àwọn àgbà ilé mọ bó ṣe débẹ̀, wọ́n kàn fi í bò ni. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹbí ya fọ́tò pátákó mi, ó gbé e síwájú ìpàdé. Ó ní ẹrú kì í ní ìdí-igi. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Olórí ẹbí bi mí pé, "Tísà, ṣé ó dá ọ lójú, ohun tó o kọ yìí?"

Ìyá jókòó níwájú mi, wọ́n ń wò mí. Ká ní mo sọ pé mo ṣàṣìṣe ni, pé ìyàwó ni ìyá náà, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ nínú ìbéèrè yẹn ni pé wọ́n fẹ́ tàbùkù iṣẹ́ mi. Inú bí mi. Mo ní ó dá mi lójú dáadáa, mo yọ fóònù, mo sì ṣí ohùn ìyá fún wọn gbọ́. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n gbọ́ ọ.

Nígbà tí a jáde, ìyá kò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Orúkọ ìyá baba mi ni mo ní kó o kọ. N ò ní kó o kọ bó ṣe délé." Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ìyá kò rí ìpín kankan gbà. Lẹ́yìn náà, ẹbí ní kí wọ́n kó jáde nínú yàrá ìsàlẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé ní Joju ló wá kó wọn lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì kú sí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọmọ wọn bẹ ẹbí títí pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sin ìyá sí àgbàlá ilé baba wọn. Olórí ẹbí kọ̀ jálẹ̀. Ìtẹ́ òkú ìjọba ni wọ́n gbé wọn lọ, láàárín àwọn tí ẹnì kankan kò mọ̀.

Mo lọ síbi ìsìnkú náà, mo dúró lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bo sàréè tán, ọmọ wọn obìnrin rìn wá bá mi. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Ì bá tù mí lára. Ó ní, "Tísà, ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ tòní sílẹ̀." Mo ní n kò ní kọ ọ́.

N kì í darí ètò ìtàn mọ́. Mo bẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n yọ pátákó náà, wọ́n ní ibẹ̀ ni àlejò ti ń ya fọ́tò jù. Títí dòní ni ojú ń tì mí, ó sì ń dùn mí, àwíjàre mi kò sì wo èyíkéyìí sàn nínú méjèèjì. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mo sọ yìí, mo sì ń tan ara mi pé ìyẹn tó. Ṣùgbọ́n mo ṣèlérí fún obìnrin yẹn nídìí sàréè ìyá rẹ̀, ẹ sì wò ó, mo tún ti kọ ọ́.