Ìṣó Tí A Kò Rí Nínú Ẹsẹ̀ Rónkẹ́

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí èmi àti Rónkẹ́ ọmọ mi fi wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwà ní Kamazou, àdúgbò wa nílẹ̀ Hausa níhìn-ín, a dorí kọ ilé ìwòsàn lódì kejì odò. Lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, Rónkẹ́ já bọ́ láti orí ògiri, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Dókítà fi ìṣó kan dè é tí kì í ṣe irin. Ó ní ara ni yóò máa yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, a ò ní tún ẹsẹ̀ là láti yọ ọ́. Ọjọ́ yìí la máa mọ̀ bóyá egungun ti so. Ara mi ò balẹ̀ fún ayọ̀.

Kí a tó jáde, Màmá, ìyá ọkọ mi, ti fún mi ní ìnujú funfun kan. Nílé wa, irin tí wọ́n bá yọ lára ẹni, ilé là ń gbé e bọ̀. Ti ọkọ mi ṣì wà nínú àpótí wọn. "Ìyá Rónkẹ́, bá mi di ti ọmọ mi wá." Mo ṣàlàyé títí, wọn ò gbọ́.

Ọ̀nà Sabon Tasha tí a gbà ò dára rárá, ìjọba ò sì tún un ṣe. Gbogbo kòtò tá a kó sí ni mo ké lé. Awakọ̀ ní, "Hajiya, hakuri." Ẹ̀yin ará ilé, bí wọ́n bá ṣẹ̀ yín níhìn-ín, hakuri ni wọn yóò fi bẹ̀ yín: ẹ ní sùúrù.

"Ẹsẹ̀ ọmọ mi ò gbọ́ hakuri."

Rónkẹ́ fi Hausa sọ nǹkan kan fún un, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun, ẹni tó dé lẹ́yìn wa ló kọ́kọ́ wọlé. Nígbà tó kàn wá, ayàwòrán gbé àwòrán síwájú iná. "Màdáàmù, ta ló ní wọ́n fi nǹkan síbí? Kò sí nǹkan kan."

Mi ò kan ilẹ̀kùn dókítà kí n tó wọlé. "Ìṣó ọmọ mi dà?"

Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní àdúgbò Trikania níhìn-ín ni dókítà yìí. "Ìyá Rónkẹ́, ẹ jókòó ná. Kì í ṣe irin, àwòrán ò lè rí i. Ó wà níbẹ̀, ó ń yọ́. Egungun ni kẹ́ ẹ wò." Ó fi ìka tọ ibi tí ìlà dúdú wà tẹ́lẹ̀. Ìlà ti pa rẹ́. "Ó ti so. Ẹ jẹ́ kó máa sáré."

Mo fò mọ́ ọmọ mi. Síbẹ̀, mo sọ ọ́ lójú dókítà: ẹni tó bá fi ohun tí ojú ò rí sára ọmọ ọlọ́mọ, kó sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọmọ, kó sì sọ fún ayàwòrán rẹ̀.

"Ẹ̀bi wa ni, Mà."

Nígbà tá a padà délé, Màmá ti na ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí á tó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. "Irin ọmọ mi dà?"

"Kò sí, Mà. Ara rẹ̀ ló ń yọ́ ọ."

"Àbí wọ́n jí i?"

Ìbéèrè tí èmi náà bá wọ yàrá dókítà nìyẹn.

"Babu, Mama," ni Rónkẹ́ wí, ìyẹn ni pé kò sí. Ó fi ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ yẹn nìkan fò yí àgbàlá po. Màmá gba ìnujú lọ́wọ́ mi, wọ́n fi nu òógùn ojú Rónkẹ́.