Èdè Tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Ara Ògiri

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo lè gba abẹ́ apá ìyá mi kọjá láì bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó jókòó kọ́ mi ní èdè kankan. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀yin òbí òde òní, tí ẹ̀ ń fi fóònù kọ́ ọmọ yín ní ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Akparé, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Atakpamé, ni wọ́n bí mi sí. Ifẹ̀, èdè àwa ará ibẹ̀, la ń sọ nílé, Ifẹ̀ la ń sọ lóko, n kò sì mọ̀ pé ohun mìíràn wà tí ènìyàn ń fi ẹnu sọ títí ìyá mi fi mú mi lọ sí Notsé, ìlú àwọn Ewe.

Iṣu ni ìyá mi ń tà níbẹ̀. Ó ní oníbàárà kan, obìnrin Ewe tó ń ta epo pupa. Àwọn méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn dáadáa, àwọn alágbàtà sì ń tìtorí ẹ̀ rẹ́ wọn jẹ. Ohun tí àwọn ìyá wa máa ń ṣe sí irú ọ̀rọ̀ báyìí nígbà náà ni pé wọ́n á pààrọ̀ ọmọ. Ìyá mi fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin náà nígbà tí wọ́n kọ ebè tán, títí iṣu tuntun fi jáde, ó sì mú ọmọbìnrin tirẹ̀ lọ sí Akparé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sunkún. Ní ọjọ́ kẹrin, obìnrin náà ní kí n bá òun mú “dze” wá. Mo mú ata fún un. Ó wò mí, ó nawọ́ sí ìdí ààrò pé kí n padà. Mo gbé igbá wá, mo mú ṣíbí wá, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo lọ tí mo bọ̀ kí n tó mọ̀ pé iyọ̀ ló ń bèèrè. Nígbà tí iṣu tuntun fi máa jáde, mo ti ń fi èdè Ewe bá àwọn ọmọ rẹ̀ jà, mo sì ń fi lá àlá. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ẹ wá wo ohun tí mo fi ojú mi rí nílé ọmọ mi ní Atakpamé. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ló jẹ́ kí wọ́n ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn, kí n lè sún mọ́ ilé ìwòsàn. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, ọmọ ọdún méje. Ìyàwó ọmọ mi ti mọ̀ pé bí ọmọ bá dé líísè, ilé ìwé girama, wọ́n á ní kó yan èdè Jámánì tàbí ti Sípéènì, ló bá yan ti Sípéènì fún un kí eyín ọmọ náà tó pé lẹ́nu. Ó kà á lórí fóònù pé inú ìgbé ayé ojoojúmọ́ ni ọmọ ti ń kọ́ èdè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbé ayé ojoojúmọ́ ta ni?

Wọ́n gé páálí wẹ́wẹ́, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Sípéènì sí i, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, mọ́ ilẹ̀kùn, mọ́ àga, mọ́ ìkòkò. Wọ́n tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ odó. Odó tí a fi ń gún fùfú! Èmi ò tíì gbọ́ pé wọ́n ń gún iṣu ní Sípéènì. Obìnrin Mùsùlùmí kan tó ń ta aṣọ lọ́jà, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, wá kí mi lọ́jọ́ kan. Ó wo páálí ara àga títí, ó wá rọra bi mí pé, “Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ kó ẹrù ilé tà ni? Èló ni tàga yìí?” Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo gbàgbé ẹsẹ̀ tó ń dùn mí.

Ní gbogbo Sátidé, wọ́n á se ìrẹsì kan tí wọ́n rí lórí fóònù, tó pọ́n bí ìyeyè, tí edé inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n á fi orin sí i, bàbá á pàtẹ́wọ́, ìyá á pàtẹ́wọ́, wọ́n ní àṣà nìyẹn. Àwọn méjèèjì kò sì gbọ́ Sípéènì ju ọmọ tí wọ́n ń kọ́ lọ. Afọ́jú ń fa afọ́jú lọ́wọ́, wọ́n ń jó lọ. Wọ́n tilẹ̀ ní kí ọmọ náà máa pè mí ní “abuela”, pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Sípéènì ń pe ìyá àgbà wọn. Mo ní kí wọ́n lọ wá ìyá àgbà ní Sípéènì.

Ọmọ náà kò gbọ́ Ifẹ̀. Ewe rẹ̀ kò kọjá kó kí ènìyàn. Faransé ló ń sọ, èmi ò sì lọ ilé ìwé rí. Ohun tí mo ń wá kò pọ̀: mo fẹ́ bá ọmọ ọmọ mi sọ̀rọ̀ kí n tó kú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ilé ìwé dé, àwọn òbí rẹ̀ kò tíì dé. Ó gbórí lé mi nítan, ó ń sunkún, ó ń rojọ́. Ọ̀rọ̀ gígùn ni. Mo ń pa á lórí, mo ń sọ pé pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Nígbà tó yá, ó gbórí sókè, ó wò mí, ó rí i pé n kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ló bá nu ojú rẹ̀ nù, ó dìde, ó lọ gbé ọmọláńgidi rẹ̀, ó sì ń rojọ́ náà fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀ pé ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì ti bá àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Lomé.

Ní ọjọ́ kejì, mo ya gbogbo páálí náà. Ara odó ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí tọkọtaya náà dé, mo da ọ̀rọ̀ bò wọ́n. Mo ní òpè tó wọ bàtà ni wọ́n. Mo ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àwọn wá lọ yá ẹ̀ṣọ́ lóde wálé. Mo kọjú sí ọmọ mi, mo bi í pé irú bàbá wo ni kì í fi èdè ìyá rẹ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀.

Ọmọ mi kò bínú. Ewe ni èmi àti òun sábà máa ń sọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó ní òun á fi Ifẹ̀ dá mi lóhùn. Ó ń wá ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì.

“Màmá, ìwọ... ẹ̀yin ni,” ó ní. “Ní Glei. Kíláàsì kìíní ni mo wà. Ẹ ní Ifẹ̀ kò ní fún mi níṣẹ́. Ẹ ní tí mo bá sọ ọ́, kò sóúnjẹ.”

Òótọ́ ni. Glei ni mo ti ń ta gààrí létí títì nígbà náà. Olùkọ́ kan ló sọ fún mi pé Ifẹ̀ ni kò jẹ́ kí Faransé wọ ọmọ náà lórí, mo sì gbà á gbọ́ bí ìyàwó ọmọ mi ti gba fóònù gbọ́. Bí Ifẹ̀ bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀, màá gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo gbé e, n kò rántí mọ́. Ẹni tí ebi pa rántí.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbọ́ èyí ń retí kí n wá sọ pé ìgbà tiwa dára ju tiyín lọ, bí àwa àgbà ti máa ń sọ. Ayé ti yí lóòótọ́. Kò sí ìyá tí yóò fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún oníbàárà ní Notsé lónìí, àwọn ọlọ́pàá á ti dé. Ṣùgbọ́n mi ò lè parọ́ fún yín pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló ba nǹkan jẹ́. Èdè méjì ni ìyá mi fi sí mi lẹ́nu. Èmi ni mo gba ọ̀kan lẹ́nu ọmọ mi, tí mo wá jókòó sínú ilé rẹ̀, tí mò ń bi í léèrè ibi tó gbé e sí.